Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Àdúgbò Wa Kò Pariwo Góòlù

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹsàn-án

A ti délé. Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ, ìyókù á tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi sùn lórí àga ike nílé ìwòsàn, ẹ̀yìn mi sì ti fẹ́ dà bí àga ọ̀hún, ṣùgbọ́n Rẹfirí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ kúulé o." Tẹlifíṣọ̀n ló ń kí. Èmi ìyàwó rẹ̀ tí mo gbé báàgì méjì tẹ̀lé e, mi ò rí kíkí gbà.

Kí a tó kúrò lọ́hùn-ún, dókítà pe èmi àti ọmọ wa sí kọ̀rọ̀. Obìnrin kékeré ni, kò lè ju ọmọ wa lọ. Ó ní ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ọkàn rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí a fi rọra tọ́jú ọkàn náà. Iyọ̀ díẹ̀. Àtẹ̀gùn, rárá. Oògùn mẹ́rin láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ó wá tẹjú mọ́ mi: "Màmá, bọ́ọ̀lù tó bá ń lọ lọ́wọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ wò ó o. Ìròyìn ìbò náà, rárá. Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ ti mọ ibi tó parí sí, tó sì parí síbi tó dáa, wọ́n lè wo ìyẹn."

Ọmọ wa ní, "Dókítà, ẹ ò kúkú ní kí wọ́n má mí mọ́."

Ọjọ́ kejìlá oṣù yìí ni ìdíje ife-ẹ̀yẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni ìbò. Ọkùnrin tó fọn fèrè fún ọdún méjìlélógún, tí òòrùn pa, tí òjò pa, tí wọ́n ju omi àti bàtà lù, kò ṣubú lórí pápá rí. Orí àga tìmùtìmù nílé ara rẹ̀ ló ti wá ṣubú, nítorí pẹnárítì tí wọn ò fún wa.

Ṣùgbọ́n ó ti délé. Mo ń gbọ́ tó ń wúkọ́ ní yàrá, ikọ́ náà sì dùn létí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n fún un ní ike kan tí bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Kó fi ẹnu sí rọ́bà rẹ̀, kó fa èémí, kí bọ́ọ̀lù máa gòkè. Lánàá, ọ̀kan ṣoṣo ló mì, kò tilẹ̀ débì kankan. Ó ní ike náà ti bàjẹ́.

Lónìí, nígbà tó rò pé mo wà ní ilé ìdáná, ó na ọwọ́ sí ìṣó ara ògiri, ó mú fèrè rẹ̀, ó fọn ọ́n. Fèrè tí gbogbo pápá máa ń gbọ́, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjìlélógún máa ń dúró fún! Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, fìììì, bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ó gbé e padà sórí ìṣó, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Mo padà sí ilé ìdáná, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dún, mo sì sunkún mi tán síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ wa gbé aago ọrùn-ọwọ́ kan wá fún bàbá rẹ̀. Kì í ṣe aago tí wọ́n fi ń wo ìgbà, ọkàn ló ń kà. Tí ìlùkìkì rẹ̀ bá ti kọjá àádọ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, fóònù mi á ké. Mo ní fóònù mi kì í ké fún nǹkan kan ju kí wọ́n fi pè mí kí n wá mú owó aṣọ. Ó ní, "Màmá, ẹ má dààmú, mo ti ṣe é tán."

Rẹfirí wo aago náà, ó wo èmi. "Ṣé wọ́n ti wá fi agogo sí mi lọ́rùn bí àgùntàn?"

"Ọrùn-ọwọ́ ni," mo ní. "Ẹ bá mi na ọwọ́ yín."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Tòmátì ti di ìlọ́po méjì iye tó wà kí a tó lọ ilé ìwòsàn. Nítorí àìsí bọ́ọ̀lù, fíìmù ni Rẹfirí ń wò. Ó fún ọlọ́pàá inú rẹ̀ ní káàdì pupa.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹsàn-án

A ti ṣètò. Ọmọ wa fi ìka tẹ dìkódà títí, ó ní gbogbo bọ́ọ̀lù ikọ̀ wa ló máa gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí a bá borí, bàbá rẹ̀ á wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí a bá fìdí rẹmi, "Ẹ máa wá nǹkan sọ, Màmá." Ó rọrùn fún un láti sọ, ilé ọkọ rẹ̀ ló ń lọ.

Ìṣòro kan ṣì kù: ọ̀rọ̀ tó máa ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, tó ń sọ ẹni tó borí àti ẹni tí wọ́n ń dìbò fún. Aránṣọ ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Mo mú àjákù kọ́tìnì, mo wọn ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, mo rán ìgbátí, mo sì dè é mọ́ ọn bí yẹ̀rì.

Rẹfirí wò ó títí. "Kí ló ń fi pamọ́?"

"Òtútù ń mú un," mo ní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Mo rò pé mo ti ronú kan gbogbo nǹkan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Rẹfirí wà lórí ibùsùn, ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń rán aṣọ ilé-ìwé, ọkàn mi balẹ̀.

Ni gbogbo àdúgbò bá bú sí i lẹ́ẹ̀kan: "GÓÒÒÒLÙ!"

Abẹ́rẹ́ wọ̀ mí níka. Fóònù mi ké. Nígbà tí mo fi dé yàrá, Rẹfirí ti dìde jókòó, ojú rẹ̀ là rekete, aago náà kọ márùndínlọ́gọ́fà. "Ta ló gbá a wọlé?" ló ń bi mí. Mo ní n kò mọ̀. Ìyẹn ni òtítọ́ ìkẹyìn tí mo sọ fún un lórí bọ́ọ̀lù.

Mo mú un dùbúlẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi padà sí ọgọ́rin. Ìgbà tí mo rí i pé kò sí nǹkan kan ni mo tó ráyè nu ẹ̀jẹ̀ orí ìka mi.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀kan sí òdo la fi borí. Ó wò ó láàárọ̀, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ jókòó tì í, kí n lè máa ṣọ́ ojú rẹ̀, kí rìmóòtù sì wà lọ́wọ́ mi. Ó dùn mọ́ ọn. Èmi náà bi í kí ni wọ́n ń pè ní ọ́fúsáìdì. Ó fi ago tíì àti ike oògùn ṣàlàyé rẹ̀ lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò yé mi. Mo ní ó yé mi.

Nírọ̀lẹ́, mo di gèlè mi le, mo jáde lọ bá àdúgbò. Onígẹrun tó kọjú sí fèrèsé yàrá wa ni mo kọ́kọ́ lọ bá, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń péjọ wo bọ́ọ̀lù. Kílípà rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń kùn ṣáá. Ó pa á kó lè gbọ́ mi.

"Màmá, ẹ ní kí ni?"

"Mo ní tí ikọ̀ wa bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, kí ẹ má pariwo."

"Kí a wá ṣe báwo?"

"Ẹ fi ọwọ́ di ẹnu yín."

Ó wo orí tó ń gẹ̀ lọ́wọ́, orí náà wò ó nínú dígí. "Màmá, nígbà tí mo wà nílé-ìwé, Bàbá ló fún mi ní káàdì pupa níwájú gbogbo ayé."

Mo ní ó tán, a ti ṣẹ ẹni tí a fẹ́ bẹ̀.

"Ó sì tọ́ sí mi," ó ní. "Mo ta ọmọ ọlọ́mọ ní ìpá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ máa lọ sílé, Màmá. Ẹ fi àdúgbò sílẹ̀ fún mi."

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Lánàá, wọ́n nà wá ní mẹ́ta sí òdo. Kò sí wàhálà ariwo, ta ló fẹ́ pariwo? Wàhálà wà ní ti àárọ̀ yìí. Rẹfirí ti wẹ̀, ó ti jẹ ẹyin rẹ̀ tí kò níyọ̀, ó ti jókòó. "Ẹ tan bọ́ọ̀lù wa o." Nígbà tó bá ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ó fẹ́ nǹkan ni.

Mo sá lọ ilé ìdáná, mo pe ọmọ wa. Ó ní a ti bá orílẹ̀-èdè yìí kan náà gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ nílé wa lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, a sì borí, òun á fi ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n láti orí fóònù òun. N kò mọ bí nǹkan ṣe ń ti orí fóònù ní ilé rẹ̀ wọ tẹlifíṣọ̀n ní ilé mi, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ariwo kan náà. Yẹ̀rì mi bo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀.

Mo jókòó tì í bí ẹni jókòó ti ìkòkò wàrà lórí iná. Mo wo àwọn agbábọ́ọ̀lù, mo wo akọ́nimọ̀ọ́gbá, mo wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ojú rẹfirí tó wà lórí pápá jọ ojú ẹni tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jọra lójú mi nínú ṣòkòtò péńpé dúdú. Rẹfirí tèmi wò ó títí wọ́n fi parí.

Ó wá ní, "Rẹfirí yẹn dáa. Irú wọn ò sí mọ́."

Ó mu tíì rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Àkọ́kọ́ irọ́ tó tóbi tí mo pa fún un láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé, ó sì gbé e mì láìbu omi lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Ohun tí mo rí lónìí, kí n kọ ọ́ kó má baà di àlá.

Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, mo fi igun kọ́tìnì bojú. Ṣọ́ọ̀bù onígẹrun kún dé ìta. Lójijì ni gbogbo wọn fò sókè. Eku ò ké bí eku, ẹyẹ ò ké bí ẹyẹ. Ọkùnrin tó tó ogún ń fò, ẹnu wọn yà, kò sí ohùn tó jáde. Ọ̀kan ki fìlà bọ ẹnu. Àwọn méjì dì mọ́ra wọn, wọ́n ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú. Onígẹrun gbé oníbàárà rẹ̀ tòun ti aṣọ funfun tó so mọ́ ọn lọ́rùn, ó yí i po, ìdajì orí ọkùnrin náà ló ní irun. Wọ́n wá jókòó padà jẹ́ẹ́. Onígẹrun na àtàǹpàkò sí mi láti òdìkejì.

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún náà wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ràn wa tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi: fóònù mi ké, méjìlá lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo yọjú sí yàrá. Ó sùn, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó di ojú. Nígbà tí góòlù kejì wọlé, tí gbogbo wọn tún ń fò láìfọhùn, ó tún ké. Ó ṣì sùn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wa pé aago rẹ̀ ń ya wèrè.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Bọ́ọ̀lù ike méjì gòkè, wọ́n sì dúró sókè! Ó ní ike náà ti tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Kọ́tà ni, ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kù. Ọ̀mì ni títí àsìkò fi tán, ó wá di pẹnárítì. Ẹ gbà mí! Èmi tí n kò bìkítà fún bọ́ọ̀lù láyé mi, mo dúró sí fèrèsé, mo ń wo ẹ̀yìn ogún ọkùnrin láti mọ̀ bóyá ó wọlé. Tí èjìká bá sọ̀, kò wọlé. Tí wọ́n bá fò, ó wọlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fò. A ti borí.

Aago náà ké lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ wa ní bóyá ó ń lá àlá ni.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Akọ̀wé wá. Àbúrò Rẹfirí ni, ó sì ti wà nílé kí n tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí Rẹfirí ò fẹ́ rí sójú ló ń ṣe. Ní ìbò tó kọjá, oṣù mẹ́rin ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ó dé pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi bọ́ ìyẹn."

"Ìyàwó wa, fìlà lásán ni."

"Fìlà lásán ni mo fẹ́ fi pamọ́."

Mo fi í sínú ìkòkò ìrẹsì, mo dé e. Wọ́n wá jókòó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wákàtí kan àtààbọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ eyín Akọ̀wé. Wọ́n sọ̀rọ̀ ajá kan tí bàbá wọn ní nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tó máa ń jí bàtà àlejò, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí mo fi wá wo aago rẹ̀. Márùndínláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí Akọ̀wé fẹ́ lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó wa, ìgbà tí mo ti gbádùn ẹ̀gbọ́n mi báyìí kẹ́yìn, ó ti pẹ́." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó lọ, ó gbàgbé fìlà.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ se ìrẹsì, mo bá ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ìkòkò.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹwàá

Ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Méjì sí ọ̀kan, a borí. Àdúgbò fò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fọwọ́ lérí lẹ́ẹ̀kan. Aago ké ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí. Tí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù tó ń wò, kí ló ń ṣe ọkàn rẹ̀? Mo wá abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ fún rédíò, kò sí. Mo wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà ni mo rí.

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí dókítà tó rí i; títí dìgbà náà, n kò ní jẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n ti gbá èyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹwàá

Ó ní dandan, òun máa dìbò. Ọmọ wa pe dókítà; dókítà ní kó lọ, ṣùgbọ́n kó jókòó, kó má sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. A gbé àga dání. Ìlà gùn láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé dé ìdí igi. Gbogbo wọn ní, "Bàbá Rẹfirí, ẹ máa bọ̀ níwájú."

Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ìlà ni ìlà. Kò sẹ́ni tó ń fo ìlà níwájú mi, èmi náà ò ní fò ó."

Bí ìlà bá sún, a ó gbé àga síwájú, yóò jókòó. Nígbà tó yá, ẹnìkan gba ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́ mi láti ẹ̀yìn. Akọ̀wé ni, kò dé fìlà kankan. Òun ló gbé àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé iwájú àpótí. Ẹ̀gbọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ tirẹ̀, àbúrò dìbò fún tirẹ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bíi balógun ikọ̀ méjì.

Aago kò ké. Mo yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n nígbà tí a délé, mo tì í mọ́ inú àpótí òwú.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹwàá

Onígẹrun ló sọ èsì fún mi láàárọ̀. Ẹgbẹ́ Akọ̀wé ló wọlé. Mo rò ó títí, mo ní kò sí bí n ó ṣe fi ìbò pamọ́ fún ọdún mẹ́rin. Mo jókòó ti Rẹfirí, mo fi ọwọ́ lé ọrùn-ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló wọlé?"

"Ẹgbẹ́ Akọ̀wé."

Mo wo aago. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó wá ní, "Gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo fọn fèrè sí tí kì í ṣe ọ̀mì, apá kan ló ń sunkún lọ sílé. A ó máa gbá òmíràn." Mo fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, jókòó. Fún mi ní wáyà tẹlifíṣọ̀n mi. Ikọ̀ wa wà ní àṣekágbá, mo sì fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa bá pàdé."

"Ta ló sọ fún yín pé a wà ní àṣekágbá?"

"Kílípà."

"Kílípà kẹ̀?"

"Kílípà onígẹrun kì í dákẹ́. Ìgbà tí ó bá dákẹ́ tán, tí ẹsẹ̀ ń dún gìrìgìrì, tí ẹnikẹ́ni ò fọhùn, bọ́ọ̀lù ti wọlé nìyẹn. Tó bá dákẹ́ tí ẹsẹ̀ ò dún, àwọn ló fi lé wa. Mo ka pẹnárítì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí bẹ́ẹ̀dì."

Aago kò ya wèrè rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ń bọ́ lára mi bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ lórí ẹni. Mo ní, "Ṣé èyí tí wọ́n fi nà wá ní mẹ́ta náà, ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, o wá gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ fún mi, mo rí Gàgàrà tó ń fọn fèrè lórí pápá. Gàgàrà tó ti fi fèrè sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta! A jọ lọ síbi ìdágbére rẹ̀ ni. Ìwọ lo rán aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Mo rántí aṣọ náà. Àwọ̀ ewéko, apá rẹ̀ ni mo tú lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí aṣọ, n kò rántí ọkùnrin. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ kọjá àga tìmùtìmù.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó kọ́kọ́ wo máṣíìnì mi ní igun pálọ̀, tó kọjú sí ògiri. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ. Ẹ̀yìn rẹ ni mo ń rí, ariwo máṣíìnì ni mo ń gbọ́. Láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún mi lo ti ń jókòó tì mí, tí o ń bi mí ní ọ́fúsáìdì tí kò yé ọ. Ta ló máa fọn fèrè sírú ìyẹn?"

Mo lọ mú wáyà nínú àpótí òwú. Ó dùn mí pé ó fi tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fẹ́ kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, n kò sì mọ̀. Ó tún dùn mọ́ mi. Méjèèjì ni mo ní nínú bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹwàá

Dókítà lẹ nǹkan mọ́ àyà rẹ̀, ó mú kó rìn lórí ẹ̀rọ, ó wo ìwé gígùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó ń wo ojú olùkọ́. Ó wá bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Bàbá, ọkàn yín ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Dáadáa ló wà."

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, n kò tijú. Ọpẹ́ ni. Ọpẹ́ ni. Ọmọ wa ló fà mí dìde.

Rẹfirí ní, "Dókítà, àṣekágbá ńkọ́?"

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó wò ó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹwàá

Ní kíákíá kí n tó gbàgbé bó ṣe rí.

Mo tú yẹ̀rì kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Mo se ẹ̀wà, mo jókòó ti Rẹfirí, irọ́ kankan kò sí lẹ́nu mi. Fèrè rẹ̀ wà lórí ìṣó. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n yé wò ó, kí n wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti fi ọ̀kan lé wa. Mo ń fi ọwọ́ lu itan mi, mo ń sọ fún agbábọ́ọ̀lù ọ̀tún pé kó sáré, àfi bíi pé mo bí i.

Ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin, ó sáré. Ó gbá a. Àwọ̀n mì.

Mo pariwo, èmi! Rẹfirí fò sókè kúrò lórí àga. A dì mọ́ra. A sì gbọ́ pé ohùn wa méjì nìkan ló ń dún. Ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹsẹ̀ ń dún gìrìgìrì ní ṣọ́ọ̀bù onígẹrun, kò sí ohùn kankan.

Rẹfirí wò mí. "Kí ló ṣe wọ́n?"

Mo fi ọwọ́ lu orí. Láti Ọjọ́bọ̀ ni inú mi ti ń dùn, tí mo ń kiri sọ fún oníṣọ́ọ̀bù òwú, fún ìyàwó Akọ̀wé, fún gbogbo ayé, n kò rántí kọjá sí òdìkejì títì láti tú àdúgbò sílẹ̀.

Kò bá mi wí. Ó na ọwọ́ sí ìṣó, ó mú fèrè, ó jáde sí iwájú ilé. Mo tẹ̀lé e. Ogún ọkùnrin wà níta ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n rí i. Gbogbo wọn dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

Ó fa èémí. Mo rí i bí àyà rẹ̀ ṣe gbé sókè, mo ń sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run, jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Ó fi fèrè sẹ́nu.

Ó dún! Ó dún débi pé ajá ilé kẹta gbó. Ó gùn, ó mọ́, Rẹfirí sì na ọwọ́ rẹ̀ sí àárín títì bíi pé àárín pápá ni, bí ó ti máa ń ṣe láyé àtijọ́: góòlù ni, mo gbà á wọlé.

Onígẹrun ló kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà ni gbogbo àdúgbò, ilé dé ilé, òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n kó gbogbo góòlù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù mi ń ké nínú àpò mi. Mo jẹ́ kó máa ké.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kẹwàá

Méjì sí ọ̀kan ni wọ́n fi nà wá nígbẹ̀yìn. Rẹfirí sùn di aago mẹ́jọ.

Kó tó jí, mo ti yí máṣíìnì mi kúrò lójú ògiri.